Ọmọláńgidi Inú Àpótí Iná

Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1995.

Láwàlì ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, ìwọ àti ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Àdúrà náà ti ọkàn mi wá, nítorí ìyá kì í ṣépè fún ọmọ tó fi ọyàn bọ́. Ara tèmi náà le, bí o bá fẹ́ mọ̀. Orúnkún tó ń dùn mí kò tíì yéé dùn mí. Ṣùgbọ́n bí o bá rò pé nítorí mo kí ọ dáadáa, inú mi ti rọ̀, tètè wá àga jókòó sí. Inú mi kò rọ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní wọ́n fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá ọ lọ́lá ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan níbí ní Àpápá, nítorí akitiyan rẹ láti mú kí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká máa kọ́ ìtọ́jú aláìsàn lára ara wọn. O ní kí n wá jókòó ní ìlà iwájú, kí àwọn oníwèé ìròyìn lè ya èmi àti ìwọ ní fọ́tò. O tilẹ̀ fi léèsì ránṣẹ́ sí mi. N kò ní wá. Mo tètè sọ ọ́ báyìí kí o má baà máa wá a kiri nínú lẹ́tà. N kò ní wá, n kò sì ní rán léèsì náà. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, kí o kà á dé òpin, kí o má sì fún ẹlòmíràn kà fún ọ bí ẹni ń ka ìwé ọ́fíìsì.

Má rò pé iṣẹ́ náà gan-an ni mo ń bá jà. Nígbà tí o wá sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé Nàìjíríà, Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ pa ọwọ́ pọ̀, pé ohun rere tí ilé ìwòsàn kan bá rí ṣe, kí ó fi han èkejì, kí ọmọ má baà kú ní Lomé nítorí pé Èkó ni ẹni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀ wà, ẹkún ayọ̀ ni mo sun. Mo ní ọmọ Mùnírù nìyí. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run forí jì í, fi kiréènì gbé ẹrù gbogbo ayé sọ̀ kalẹ̀ ní wáàfù títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Èmi náà ń rán àpò tó ya ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí Liverpool Road, eruku wíìtì ń wọ̀ mí nímú, kí o lè di dókítà. Lẹ́yìn tí o sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, ibi tí mo bá ti jókòó rán àpò, ọ̀rọ̀ rẹ ni mo ń sọ. Ó sú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi. Wọ́n á ní, "Ìyá Dókítà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lónìí."

O mọ Ebiere, obìnrin Ìjọ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Láti ìgbà tí orúnkún yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń pọn omi fún mi. N kò bẹ̀ ẹ́ rí, òun fúnra rẹ̀ ló gba korobá lọ́wọ́ mi. Fidelis ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń já ẹrù ní wáàfù. Oyún ti bàjẹ́ mọ́ Ebiere lára lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí èyí wá dúró, gbogbo ilé ló ń ṣọ́ ọ bí ẹyin. Àwọn ọkùnrin tó máa ń pariwo bọ́ọ̀lù ní ojúde wa pàápàá ń rẹ ohùn sílẹ̀ bó bá ti ń sùn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò rẹ ń bọ̀ wá wo ilé ìwòsàn àdúgbò wa ni omi oyún ya lára rẹ̀. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Fidelis ti lọ síbi iṣẹ́. Mo dì í lọ́wọ́ mú, a ń rọra rìn lọ, bí ìrọbí bá ti mú un, a ó dúró, bó bá ti fi í sílẹ̀, a ó tún rìn. Ẹ̀rù ń bà á, ó ń fi èdè wọn gbàdúrà. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé, "Má bẹ̀rù. Ọmọ mi ló ni ibẹ̀ lónìí."

Nígbà tí a débẹ̀, n kò dá ilé ìwòsàn náà mọ̀. Wọ́n ti kun ògiri. Wọ́n ti to òdòdó inú ìkòkò sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn bẹ́ńṣì tí aláìsàn máa ń jókòó sí ti pòórá, àwọn aláìsàn náà sì ti pòórá pẹ̀lú wọn. Mégáàdì na igi dí wa lọ́nà. Ó ní, "Mama, no entry today. Oyinbo dey come." Mo ní mo gbọ́ pé ará Gánà àti ará Kútọnu ló ń bọ̀, kì í ṣe òyìnbó. Ó ní ẹni tó bá ti wọ kóòtù, òyìnbó ni. Mo ní kó lọ bá mi pe Dókítà Láwàlì.

O jáde wá nínú kóòtù aláwọ̀ eérú, táì wà lọ́rùn rẹ, àwọn ọ̀gá rẹ méjì ń tẹ̀ lé ọ. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ. O wò mí. O wo Ebiere tó di irin géètì mú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn náà o yíjú sí mégáàdì, o ní, "Bá màmá yìí wá ibì kan jókòó sí lẹ́yìn, títí àwọn àlejò yóò fi lọ." Màmá yìí! Láwàlì, mo ti gbọ́ èébú àwọn awakọ̀ tírélà. Mo ti gbọ́ ti onílé tó ń da ẹrù wa síta nínú òjò. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ kan sì bi ọ́ pé ta ni àwọn wọ̀nyí. Mo gbọ́ èsì tí o fún un. O ní, "Ará àdúgbò ni wọ́n, sà."

Ṣé o mọ ibi tí o pè ní ẹ̀yìn yẹn? Ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà ni, tó fẹ̀yìn ti ọgbà ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo aláìsàn ọjọ́ náà pamọ́ sí: àwọn aboyún, àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe, bàbá kan tí ikọ́ kò jẹ́ kó lè jókòó. Orí pákó àti èérún igi ni a wà. Chukwuma tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣàánú wa ju ìwọ lọ. Ó tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún oníbàárà rẹ̀, ó kó àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì fi pákó dí ẹnu ọ̀nà kí ojú má baà wọlé. Orí bẹ́ẹ̀dì tí kò ní fóòmù yẹn ni Ebiere bímọ sí. Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀. Ọkùnrin ni. Kò tóbi ju ìgò bíà lọ. Ó ké lẹ́ẹ̀kan bí ọmọ ológbò, ó sì dákẹ́.

Mo wé e sínú ìborùn mi, mo gba ibi tí ọgbà ti ya wọ inú ilé ìwòsàn. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àpótí onígíláàsì tuntun tí wọ́n ń fi iná mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru. Ìwọ náà ti ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, láàárín yàrá, ó ń dán gbinrin. Mo sún mọ́ ọn, mo rí ọmọ nínú rẹ̀, ó dé fìlà, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé àyà. Mo ní kò burú, ẹnì kan ti ṣáájú wa, bóyá wọ́n lè gba méjì. Ìgbà tí mo tún wò ó dáadáa ni mo rí i pé ọmọ náà kò ṣẹ́jú, kò sì mí. Ọmọláńgidi ni. Ọmọláńgidi oníke! Ẹ tẹ́ ibùsùn fún ọmọláńgidi nínú àpótí iná, ẹ dé fìlà fún un kí òtútù má mú un, ọmọ ènìyàn sì ń tutù lọ lọ́wọ́ mi.

Tinú ni nọ́ọ̀sì tó wà nínú yàrá yẹn. Mo kígbe mọ́ ọn pé kó gbé ìyẹn kúrò, kó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ yẹn kò ṣiṣẹ́. Wọ́n yá a wá láti ibòmíràn ni, ọ̀la ni wọ́n máa gbé e padà. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ wa kò sì lè gbé e." Mo bi í pé ta ló ní kí wọ́n yá a. Ó dárúkọ rẹ. Mo pè é ní òpùrọ́. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ ohùn yín tí ẹ ń bọ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ohùn tìrẹ ló sì ròkè jù, o ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Ẹnì kan tì mí gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Bí mo ti ń sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà ni mo pàdé obìnrin kan tí káàdì àlejò wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Faransé fún wọn ti sú òun, ni òun fi yọ́ jáde wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì bi mí ní Yorùbá pé, "Ṣó ń mí?" Yorùbá Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni, ó rí lẹ́nu rẹ̀ bí èyí tí ìyá ìyá mi ń sọ. Àfúsátù lorúkọ rẹ̀. Agbẹ̀bí ni, ilé ìwòsàn ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Mo ní, "Ó ń mí, ṣùgbọ́n ó ti ń tutù." Kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ó tẹ̀ lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ìyá, ẹ bọ́ bùbá yín."

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un sọ, ó sì le sí i. Ọ̀sán gangan ni, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó kún fún ènìyàn, èmi arúgbó bọ́ bùbá. Bàbá oníkọ́ yẹn yíjú sí ògiri. Àfúsátù tú ọmọ náà sí ìhòòhò, ó fi àkísà tó mọ́ dí i nídìí, ó gbé e lé mi láàárín ọyàn, ara sí ara, orí sókè. Ó yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè mí, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ti ọ̀pọ̀lọ́, ó sì fi ìborùn dè wá pọ̀ pinpin. Tinú sá jáde wá bá wa, ó ki nǹkan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì sá padà. Fìlà tó ṣí lórí ọmọláńgidi ni. A fi dé ọmọ náà lórí. Àfúsátù ní, "Ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti pákó. Ẹ̀yin ni àpótí náà báyìí." Ó wá kọjú sí Ebiere tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ikùn rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá Kétu tí Ebiere kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́, títí ẹ̀jẹ̀ náà fi rọlẹ̀.

Báwo ni n ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ? Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé wọ́n gbé omi dídì lé mi láyà. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ọkàn rẹ̀ tó ń lù kìkìkì lára tèmi, bí ẹyẹ tó há sọ́wọ́ ènìyàn. Nígbà tí oòrùn fi máa yí sí òdì kejì ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó la ẹnu, ó sì jágbe. Gbogbo obìnrin ibẹ̀ hó yè. Ní àkókò yẹn gan-an, lódì kejì ọgbà, à ń gbọ́ bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún ọ.

Ìpàdé tí ìwọ àti àwọn àlejò náà ń ṣe ń lọ ní Àpápá títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí. Àfúsátù kò dé ibẹ̀ mọ́, àfi lọ́jọ́ ìkádìí. Àràárọ̀ ló ń wọ mọ́tò wá sí ilé wa. Ó kọ́ Ebiere bí yóò ṣe máa fún ọmú sínú ife kékeré, tí yóò sì máa kán an sí ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, nítorí kò tíì lágbára àtimu. Ó kọ́ wa bí a ó ṣe máa fẹ̀yìn ti nǹkan sùn kí ọmọ má baà ṣubú. Ó ní ìlú tálákà kan ní ìkọjá òkun, níbi tí àpótí iná kò ti tó, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, dókítà obìnrin kan ló sì wá kọ́ wọn ní Kétu. Ohun tí òun fẹ́ sọ ní ìpàdé yín nìyẹn, ó ní nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe rán òun wá. Ṣùgbọ́n ẹ kò fún un láyè nínú àwọn tó máa sọ̀rọ̀.

Ebiere kò tètè lágbára, ó sì rẹ èmi náà. Fidelis ló kù. Fidelis tí ń fi orí gbé àpò sìmẹ́ńtì kọ̀ jálẹ̀, ó ní, "Mama, I no be woman." Àfúsátù ní kí n bi í bóyá àyà tirẹ̀ ni kò gbóná. Ló bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. A de ọmọ mọ́ ọn láyà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti wáàfù wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é ní Mama Fidelis. Ó jókòó gbagidi, kò mira, ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sín, ọmọ á já bọ́. Nígbà tó yá ni mo rí omi lójú rẹ̀, mo sì yíjú kúrò.

Ìwọ náà wá. Nígbà tí mo gbọ́ mọ́tò rẹ, mo ní ọmọ mi ti wá tọrọ àforíjì. O bá yàrá mi tó kún fún aboyún, Àfúsátù ń fi ọmọ Ebiere kọ́ wọn. O kò kí ẹnikẹ́ni. O ní, "Màámi, ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni?" O ní àwọn tó ń ran àjùmọ̀ṣe náà lọ́wọ́ fẹ́ rí ẹ̀rọ, wọn kò fẹ́ rí arúgbó tó so ọmọ mọ́ àyà bí ọ̀bọ. O ní bí wọ́n bá gbọ́, Gánà ni wọn yóò kó gbogbo nǹkan lọ. O sì fi ẹnu ara rẹ sọ pé ìwọ lo ní kí wọ́n yá ẹ̀rọ náà, pé bí wọ́n bá rí ọ̀kan lọ́dọ̀ wa, wọn yóò fún wa ní mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́. O ní irọ́ kékeré ni nítorí ohun rere ńlá. Ẹnu kan náà tí mo fi pe Tinú ní òpùrọ́, òun náà ni mo fi lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo wo ojú rẹ bí o ti ń sọ ọ́, mo rí i pé o gba ohun tí ò ń sọ gbọ́. Ì bá sàn kí o mọ̀ pé irọ́ lò ń pa.

Mo bi ọ́ pé bí ọmọ yìí bá kú sí ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà, kí lo ó pe ìyẹn? O kọjú sí Àfúsátù, o ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a wí, nígbà tí o mọ̀ pé kò gbọ́. Ó ní, "Dókítà, ẹ wá fọwọ́ kan ọmọ náà." Kò fi ìbínú sọ ọ́. O wo aago ọwọ́ rẹ, o sì jáde.

Tinú tó wà níbẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìkádìí ìpàdé fún mi. Ó ní o ka ìròyìn pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti dé, ikú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ti dín kù gidigidi ládùúgbò wa, pé kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àfúsátù nawọ́. Ó ní kí ògbufọ̀ bá òun béèrè: ọmọ tó wà nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí àwọn wá, kí lorúkọ rẹ̀, báwo ni ara rẹ̀? Tinú ní gbogbo yàrá yíjú sí ọ. Ìwọ rẹ́rìn-ín músẹ́, o ní òfin iṣẹ́ ìṣègùn kò gbà kí a dárúkọ aláìsàn ní gbangba. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Háà, Láwàlì! Ọmọláńgidi lo ń bá pa àṣírí mọ́! Èyí tó burú jù ni pé ẹ kọ̀wé sí ìlú rẹ̀ pé kò wá sí ìpàdé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán an. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Títí di òní tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, wọn kò tíì pè é padà.

Jẹ́ kí n ròyìn ilé fún ọ, bí o kò tilẹ̀ bèèrè. Ọmọ Ebiere ti ń jókòó. Fidelis ní kí n fún un lórúkọ Yorùbá, mo sì sọ ọ́ ní Abíọ́nà, nítorí ọ̀nà ilé ìwòsàn lẹ jẹ́ kí wọ́n bí i sí. Ó ti gé mi lẹ́yìn ọwọ́ jẹ pẹ̀lú eyín kan ṣoṣo tó ní.

N kò ní ṣe bí tìrẹ, n kò ní sọ pé gbogbo ọmọ tí a so mọ́ àyà ló yè. Ọmọ Mirabel, ọmọbìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ tírélà, kú lọ́wọ́ wa. Ó kéré jù, kò lè mí dáadáa. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn yín, wọ́n ní kò sí nǹkan. Mirabel kò jẹ́ kí a tú u kúrò láyà òun lẹ́yìn tó ti kú, a jókòó tì í títí ó fi gbà. Àpótí iná tòótọ́, tó ń ṣiṣẹ́, tí dókítà gidi wà nídìí rẹ̀, bóyá ì bá gba ọmọ yẹn là. Nítorí náà má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyá rẹ ń bá ẹ̀rọ jà. Irọ́ ni mo ń bá jà.

Wọ́n fún Tinú ní ìwé ìkìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ so ọmọ mọ́ ìyá kankan láyà nínú ilé ìwòsàn ìjọba. Ó gbà á, ó ká a sínú àpò, ó sì ń so wọ́n lọ. Àwọn awakọ̀ tó ń ti Kútọnu wá kó ẹrù ní Àpápá ló ń bá wa jíṣẹ́ fún Àfúsátù. Ó rán agbẹ̀bí kan láti Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wá, ìyẹn gbé lọ́dọ̀ mi, ó wo bí Tinú ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó ní àwọn kò mọ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ó sì mú un lọ sílé. Oghogho, ìyàwó Chukwuma kápẹ́ńtà, ti lọ sí Kétu, ó ti bọ̀, òun ló ń kọ́ àwọn obìnrin ìhà Kirikiri báyìí. Kò sẹ́ni tó wọ bàálù nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó fi káàdì kọ́rùn. Ohun tí o sọ fún mi lọ́dún tó kọjá, tí mo fi sunkún ayọ̀, òun náà nìyí. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ìwọ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò ju ẹyọ kan lọ. Kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá Àfúsátù, sọ òtítọ́ ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ yẹn àti ibi tó wà, kí wọ́n lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kọ ọ́ kí wọ́n tó gbé àmì ẹ̀yẹ yẹn lé ọ lọ́wọ́. Bí o kò bá kọ ọ́, èmi yóò kọ ọ́, mo sì mọ̀wé kọ, o rí i. Títí di ìgbà náà, má wá sí ilé mi, ì báà jẹ́ ọjọ́ Iléyá. Bí ebi ọmọ bá ń pa mí, mo ní Abíọ́nà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tì ọ́ níwájú ọ̀tá. Níwájú èmi ìyá rẹ, kí ojú tì ọ́ dáadáa, kí ìtìjú náà sì ṣe ọ́ lóore. Kí Ó bá ọ wo àwọn ọmọ rẹ. Kí Ó fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, kí o lè ráyè di ẹni tí mo rò pé mo bí. Àmín.

Èmi ni ìyá tó lóyún rẹ,
Ràbíátù, aya Mùnírù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù: Tinú ló mú lẹ́tà yìí wá bá ọ, kì í ṣe Okechukwu dírẹ́bà rẹ tí o ní kó dúró gba èsì. Bí mo ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni Okechukwu rọra wá bi Ebiere bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa ilé wa. Ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé níjẹta, ẹ̀rù sì ń bà á láti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọ. Mo ní kó lọ gbé ìyá àti ọmọ wá bá wa kíákíá, nínú mọ́tò rẹ. Bí o bá ń retí rẹ̀ tí o kò rí i, wọ bọ́ọ̀sì.